Owó Onílé Lọ́wọ́ Ẹni tí Ń Ṣe Ilé Lọ́ṣọ̀ọ́

 

Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀ nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá bá yín lónìí kan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin wa tí wọ́n fi ṣíṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ṣe iṣẹ́ jẹun: àwọn tí a máa ń pè kí wọ́n wá sọ irú ọ̀dà tí yóò bá ògiri pálọ̀ mu, ibi tí àga yóò dojú kọ, irú aṣọ tí a óò ta sí ojú fèrèsé, bí P.O.P. yóò ti rí lókè àjà, ibi tí iná yóò ti máa tàn wá, títí kan àwòrán tí a óò fi kọ́ ara ògiri. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé, nítorí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè mú kí ilé tí kò tóbi gba ìdílé tí ó pọ̀, kí ara arúgbó tù ú nínú ìyẹ̀wù rẹ̀, kí àlejò sì wọlé kí ó mọ̀ lójú kan náà pé ènìyàn pàtàkì ni ó ń gbé ibẹ̀. Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní ilé púpọ̀ ní agbègbè wa yìí, ọwọ́ wọn sì dáńtọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí tí ó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ kì í ṣe àìmọ ọ̀ṣọ́. Owó ni, àti ọ̀rọ̀ ẹnu tí a kò kọ sílẹ̀. Ẹni tí ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kò dà bí ẹni tí ń ta ẹ̀pà, tí yóò fi owó ara rẹ̀ ra ọjà, tí yóò tà á, tí ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Owó ẹlòmíràn ni ó ń ná, nínú ilé ẹlòmíràn, nípasẹ̀ ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ mìíràn, bí kò bá sì mọ bí a ti ń ya owó kúrò lára owó, kí ó sì kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n ojú àti ọgbọ́n ọwọ́ tí Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀ kò ní lè gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ ìjà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Èkìtì, fẹ́ kí a ṣe ààfin òun lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì ránṣẹ́ pe agbẹ́gilére kan tí a bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ṣùgbọ́n tí ó di ọmọ Ìsẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà. Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ ọkùnrin náà. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí nípa ìgbésí ayé rẹ̀ sọ fún wa pé ó tó bí ọdún mẹ́rin tí ó fi gbé inú ààfin Ìkẹ́rẹ́, tí Ọba ń bọ́ ọ, tí ó sì gbẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n iṣẹ́ ọnà síbẹ̀, òpó àgbàlá àti ilẹ̀kùn, tí ojú kan kò rí tán. Lára ilẹ̀kùn kan nínú wọn ni ó ti fi igi sọ ìtàn ọjọ́ tí òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kan wá kí Ògògà: òyìnbó náà nìyẹn tí àwọn ènìyàn rù ú wọ̀lú, Ọba nìyẹn tí ó jókòó lórí ìtẹ́ tí ayaba dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí kò dìde fún ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ibi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, nígbà tí àwọn aláṣẹ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum sì rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀ láti gba owó. Ohun tí ó gbà ni pé kí wọ́n ṣe àga ọba kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òun ní pàṣípààrọ̀. Báyìí ni ilẹ̀kùn ṣe dúró sí Lọ́ńdọ́nù títí di òní, tí Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn fún ààfin.

Èmi kò sọ pé àga náà tó ilẹ̀kùn yẹn. Lójú tèmi, kò tó o rárá, bóyá ni àga kan sì wà ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà tí ó tó o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Ọba mọ ohun tí òun ń béèrè, agbẹ́gilére mọ ẹni tí ń bọ́ ọ àti ìdí tí a fi ń bọ́ ọ, nígbà tí àwọn àlejò sì fẹ́ nǹkan, a sọ ohun tí a óò fi dípò rẹ̀ kí ó tó di tiwọn. Kò sí ẹni tí ó sọ pé “a óò máa bá a lọ,” bí àwọn ọ̀dọ́ wa ti máa ń sọ lónìí. Ibi tí ó kù sí ni pé ẹni tí ó ni ohun ọ̀ṣọ́ kò mọ bí ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun ti níye lórí tó lójú ayé, àìmọ̀ yìí sì ni mo ń rí lára àwọn ọ̀dọ́ wa títí di òní olónìí, tí wọ́n ń fi ọgbọ́n orí ṣe ẹ̀bùn, tí wọ́n sì ń wá èrè gbà ní ibi tí kò yẹ kí èrè ti jáde.

Ní òdìkejì òkun, ní ìlú New York, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Elsie de Wolfe, eléré orí ìtàgé tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ inú ilé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń jẹ́ Colony Club lé lọ́wọ́ ní ọdún 1905, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi iṣẹ́ yìí ṣe iṣẹ́ gidi ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó yá, olówó ńlá kan, Henry Clay Frick, gbé àwọn yàrá òkè ilé rẹ̀ fún un láti ṣe, ìlànà tí wọ́n sì fi sanwó fún obìnrin yìí ni ìdá kan nínú mẹ́wàá iye gbogbo ohun tí ó bá rà fún ilé náà. Olówó mọ̀ ọ́n, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n, kò sí ohun tí a fi sábẹ́ aṣọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Gbogbo wa ni a mọ bí iṣẹ́ yìí ti ń wá ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá, tí Kérésìmesì ń yọ orí, ọmọ wa tí ó wà ní Èkó, ní Port Harcourt tàbí ní Lọ́ńdọ́nù yóò rántí pé ilé tí òun ti ń kọ́ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ti ní òrùlé àti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò tíì ṣeé fi àlejò wọ̀. Tàbí kí bàbá àgbà kan papò dà, kí àwọn ọmọ sì fẹ́ kí ilé gún kí ọjọ́ ìsìnkú tó kò. Yóò gbé fóònù, yóò ní: “Àbúrò, bá mi sọ ilé náà di ohun àwòpadàwò o. Èmi àti àwọn àlejò mi ń bọ̀ lọ́jọ́ kejìlélógún. Eélòó ni n óò fi ránṣẹ́?” Ẹni tí ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, inú rẹ̀ á dùn, yóò dáhùn pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì fi mílíọ̀nù méjì ránṣẹ́ ná, a óò máa bá a lọ.” Ilé tí a kọ́ fún ọdún mẹ́fà ni a fẹ́ parí inú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pẹ̀lú owó tí ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tí a óò fi ṣe, láàárín ènìyàn méjì tí ojú ń ti láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ara wọn nítorí pé ìyá wọn jọ wá láti agboolé kan. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí ó fi yẹ kí ìwé tí a ń kọ fún ẹbí ó tún kún ju èyí tí a ń kọ fún àlejò lọ, nítorí àlejò a máa lọ, ẹbí ni a ó jọ máa pàdé níbi ìnáwó.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a má ṣe dá iye lé iṣẹ́ lórí fóònù. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ẹ gba owó ọkọ̀ àti owó ọjọ́ kan, kí ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù àti ìwé, kí ẹ wọn gbogbo ògiri àti gbogbo ojú fèrèsé, kí ẹ sì béèrè ohun tí ojú kò lè rí. Ta ni yóò máa gbé inú ilé náà lẹ́yìn tí àwọn ará Èkó bá ti padà lẹ́yìn ọdún tuntun? Bí ó bá jẹ́ Màmá nìkan ni, tí orúnkún ń dùn, kí ni a fẹ́ fi táìsì tí ń yọ̀ ṣe? Irú iná wo ni ó wà níbẹ̀? Kò sí ẹni tí ó wà ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Ondo tí kò mọ bí iná ìjọba ti kúrò ní ọ̀dọ̀ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a fi ń fi jẹnẹrétọ̀ àti sólà gbé ayé. Ẹni tí ó bá wá lọ kó gílóòbù ọgọ́rùn-ún sínú P.O.P. ilé tí ó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ni ó ní, owó onílé ni ó fi ṣòfò, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ dára lójú. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa tún ní omi nínú nítorí òkun kò jìnnà sí wa: pákó MDF tí a fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ yóò wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ilé ìdáná kí ọdún tó yí po, aṣọ fèrèsé tí ó nípọn yóò gba ọ̀rinrin sára títí yóò fi máa rùn, ikán kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín àga ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún àti àga mílíọ̀nù kan. Gbogbo èyí ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ tí a óò fi ránṣẹ́ sí onílé, kí a tó mẹ́nu kan náírà rárá.

Lẹ́yìn èyí ni owó wá kàn. Owó mẹ́ta ni ó ń gba ọwọ́ ẹni tí ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ kọjá, wọn kò sì bára tan. Ọ̀kan jẹ́ owó èrò àti àbójútó, èyí tí í ṣe tirẹ̀ pátápátá. Èkejì jẹ́ owó ọjà. Ẹ̀kẹta jẹ́ owó àwọn oníṣẹ́, télọ̀, kápẹ́ńtà, apẹ́ńtà, oníná. Àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ san ti àkọ́kọ́ yìí. Wọ́n á ní: “Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ni n óò máa sanwó fún?” Nítorí pé ẹ̀yin náà sì ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má baà bọ́, ẹ ó ní kò burú, ẹ ó fi èrò yín tọrẹ, ẹ ó sì lọ máa wá oúnjẹ yín lára ọjà àti lára owó kápẹ́ńtà. Níbẹ̀ ni olè ti ń bẹ̀rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Owó èrò ṣeé bù ní oríṣiríṣi ọ̀nà: iye kan tí a dá lé gbogbo iṣẹ́ náà, tàbí iye kan fún yàrá kọ̀ọ̀kan, tàbí iye kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan tí a bá ná. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí dára fún ilé ńlá, ṣùgbọ́n ó ní ìdánwò nínú, nítorí bí ọjà bá ti wọ́n tó ni owó tìrẹ yóò ti pọ̀ tó, onílé yóò sì máa fura pé torí èyí ni o ṣe mú aṣọ olówó iyebíye. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, iye kan pàtó ni mo fẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé oníyàrá mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì ní ọ̀dọ́ kan bu 300,000 náírà fún èrò àti àbójútó rẹ̀. Ó dà bí owó ńlá. Ṣùgbọ́n kí ó jókòó kí ó ṣírò owó ọkọ̀ láti Òkìtìpupa gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mejì àti ibi tí yóò sùn, owó dátà àti ìpè, epo jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù, owó ṣọ́ọ̀bù fún oṣù méjì tí iṣẹ́ náà yóò gbà, oúnjẹ ọmọ iṣẹ́ tí ó ń tẹ̀lé e. Bí gbogbo èyí bá di 280,000, a jẹ́ pé oṣù méjì ni ó fi ṣiṣẹ́ gba 20,000 náírà. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí ṣáájú, lẹ́yìn ni yóò ṣe é, pẹ̀lú ẹkún.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí owó ọjà, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù. Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń lọ sí ọjà Coker ní Orílé fún táìsì, ilẹ̀kùn àti ohun èlò ilé, wọn a sì lọ sí Balógun fún aṣọ. Bí ẹ bá ti ná ọjà tán, tí ẹ ti san owó, tí ẹni tí ó tà á mú bírò láti kọ rísíìtì, ìbéèrè kan wà tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́: “Eélòó ni kí n kọ síbẹ̀?” Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé n kò parọ́. Ìbéèrè náà ti di àṣà tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi gbọ́ ohun tí ó ń sọ mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ ni pé: èwo nínú àwọn irọ́ inú bírò yìí ni kí n fi bá ọ dẹ́rù? Bí ẹ bá ní kí ó kọ 250,000 sórí ohun tí ẹ rà ní 200,000, ẹ ti ta orúkọ yín ní 50,000 náírà, iye tí kò tó owó ọkọ̀ tí ẹ óò fi máa wá iṣẹ́ mìíràn kiri lọ́jọ́ tí onílé bá ya fọ́tò aṣọ náà, tí ó fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ tí ó wà ní Balógun gan-an, tí ìyàwó sì béèrè iye rẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò gbọdọ̀ jèrè lórí ọjà. Ẹni tí ó mọ ibi tí ọjà rere wà, tí ó lọ síbẹ̀, tí ó dúró ti ọkọ̀ ẹrù títí ó fi dé, tí ó sì gba ẹ̀bi èyí tí ó bá fọ́ lójú ọ̀nà, ó ti ṣiṣẹ́. Bí Elsie de Wolfe ti ṣe ni kí ó ṣe: kí ó sọ ọ́ jáde. Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé lórí ọjà gbogbo tí òun bá rà, òun yóò fi náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan fún wàhálà òun, tàbí pé owó èrò ni òun yóò gbà nìkan, gbogbo ẹ̀dínwó tí ọlọ́jà bá sì ṣe jẹ́ ti onílé. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni. Ẹni tí ó bá gba owó èrò lọ́wọ́ onílé, tí ó tún gba tọwọ́ ọlọ́jà ní ìkọ̀kọ̀, ó ti ní ọ̀gá méjì, a kò sì mọ èyí tí ó ń sìn nígbà tí ó ń sọ pé “aṣọ yìí ni ó dára jù, Ẹ̀gbọ́n.”

Ẹ̀ṣẹ̀ kan tún wà tí ó burú ju ti rísíìtì lọ, tí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ kò mọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Owó kọ́tìnì Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù wọlé lánàá. Àga ti Màmá tí ó wà ní Igbodigo kò tíì parí, owó rẹ̀ sì ti tán nítorí pé a ti fi san owó ilé ìwé ọmọ. Ẹni tí ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ yóò ní: “Ẹ jẹ́ kí a fi ti Ẹ̀gbọ́n parí ti Màmá, bí iṣẹ́ mìíràn bá dé a óò fi dí i.” Báyìí ni gbèsè ṣe ń gun orí gbèsè, tí oníṣẹ́ tí kò jalè lọ́kàn yóò fi bá ara rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá. Kí ẹ ní àkáǹtì méjì ní báǹkì, ọ̀kan fún owó yín, ọ̀kan fún owó oníbàárà, kí ẹ sì má ṣe fi ọwọ́ kan èkejì yìí bí kò ṣe fún ohun tí a dárúkọ nínú ìwé, bí ebi tilẹ̀ ń pa yín. Mo mọ̀ pé ó nira. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè pa òfin kan yìí mọ́ fún ọdún mẹ́ta, kò tún ní wá iṣẹ́ mọ́; iṣẹ́ ni yóò máa wá a.

Iye ọjà pẹ̀lú kò dúró lójú kan. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí Báǹkì Àpapọ̀ dẹ okùn ọrùn náírà, dọ́là kan tí ìjọba ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 470 náírà gòkè títí ó fi kọjá 1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ẹni tí ó sì ti bá onílé ṣe àdéhùn lórí táìsì tí a kó wọ̀lú láti òkè òkun kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, tí kò kọ ọjọ́ tí iye náà yóò kú sí i, àpò ara rẹ̀ ni ó ti mú owó kún un. Kí gbogbo ìwé ìdíyelé tí ẹ bá kọ máa ní gbólóhùn kan pé iye yìí dúró fún ọjọ́ méje tàbí ọjọ́ mẹ́rìnlá, lẹ́yìn rẹ̀ a óò tún un wò. Nítorí èyí náà ni mo fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ wa níyànjú láti wo ohun tí ó wà nílẹ̀ wa, igi tí sọ́ọ̀mílì wa ń là, ọparun, ìko, ẹní, aṣọ àdìrẹ, nítorí kò sí dọ́là nínú iye wọn tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan, Achenyo Idachaba, mú koríko orí omi, èyí tí ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi mọ́ àwọn apẹja, ó ń gbẹ ẹ́, ó ń hun ún di ohun èlò inú ilé, èyí sì gba ẹ̀bùn Cartier fún un ní ọdún 2014. Koríko kan náà ni ó kún odò àwọn ará Ìlàjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín.

Ní ti owó oníṣẹ́, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: kí ẹ san án bí iṣẹ́ bá ti ń lọ, kí ẹ má san án tán kí iṣẹ́ tó tán, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó ku alẹ́ kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Kápẹ́ńtà tí ẹ jẹ ní gbèsè ni yóò lọ bá onílé sọ iye tí ẹ ń gbà.

Ìwé àdéhùn wá kàn. Kò di dandan kí ó gùn, kò di dandan kí lọ́yà kọ ọ́, Yorùbá tí ó já gaara sì tó o kọ. Kí ó sọ àwọn yàrá tí a óò ṣe àti èyí tí a kò ní fọwọ́ kàn, ohun tí a óò rà àti iye rẹ̀, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ ẹrù, ọjọ́ tí owó kọ̀ọ̀kan yóò wọlé, kí ó sì sọ pé bí owó bá pẹ́, ọjọ́ ìparí iṣẹ́ náà yóò pẹ́ tẹ̀lé e. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Nítorí náà bí onílé bá yí ọkàn padà láàárín iṣẹ́, tí ó ní òun kò fẹ́ ọ̀dà àwọ̀ ewé mọ́, kí ẹ má fi ẹnu gbà á. Kí ẹ fi iye tí ìyípadà náà yóò gbà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kí ó dáhùn níbẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ìdáhùn náà. Bí onílé bá jẹ́ Màmá tàbí Bàbá tí kò mọ̀wé, òfin kan wà ní ilẹ̀ wa tí ń dáàbò bo irú wọn: ẹni tí ó bá wọn kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí wọn létí, kí ó túmọ̀ rẹ̀ kí ó yé wọn, kí wọ́n tó tẹ̀ka, kí òun náà sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí ìwé náà pé òun ni òun kọ ọ́. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwé rẹ̀ lè má gbè é nílé ẹjọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ ó fi ilé lé onílé lọ́wọ́, kí ó jẹ́ ọ̀sán, kì í ṣe alẹ́ tí iná ń fi àléébù pamọ́. Kí ẹ jọ rìn yí yàrá gbogbo ká, kí ẹ kọ ohun tí kò gún, kí ẹ dá ọjọ́ tí ẹ óò tún un ṣe, kí ó sì jẹ́ pé lẹ́yìn àtúnṣe náà ni owó ìkẹyìn yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ náà ni mo rò pé ó tó fún onílé láti dá dúró. Ẹ má sì ṣe ya pálọ̀ ẹlòmíràn sórí Facebook láìgba àṣẹ rẹ̀. Ilé ènìyàn ni, ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ hàn nínú fọ́tò yín, gbogbo ẹni tí ń wò ó kọ́ ni ọ̀rẹ́.

Àwọn nǹkan díẹ̀ kù tí ó jẹ́ ti ìjọba àti ti ẹgbẹ́. Kí ẹ fi orúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC; láti ìgbà tí òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020 sì ti jáde, ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀ láìwá ẹni kejì. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ nípa owó orí bóyá owó VAT, tí ó ti di náírà méje ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì ọdún 2020, kàn yín tàbí kò kàn yín. Bí onílé bá ní kí ẹ wó ògiri kan kí pálọ̀ lè fẹ̀, ẹ dáhùn pé ẹ kò ní wó o títí ẹnjiníà yóò fi wá sọ bóyá ògiri náà ni ó gbé ilé ró. Gbogbo wa ni a rántí ilé alájà mọ́kànlélógún tí ó wó ní Ìkòyí ní Èkó ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó sì yẹ kí ìrántí náà kọ́ gbogbo ẹni tí ń fọwọ́ kan ilé ní ìbẹ̀rù. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí wà ní Nàìjíríà, IDAN ni wọ́n ń pè é, Titi Ogufere, ẹni tí ó ti fìgbà kan jẹ ààrẹ IFI, àjọ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní gbogbo àgbáyé, ni ó dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà jìnnà sí wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó dí yín lọ́wọ́ láti jókòó pọ̀ ní Òkìtìpupa níhìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ wà láti Ìrèlè títí dé Ìgbọ́kọ̀dá, kí ẹ fẹnu kò lórí irú ìwé kan tí gbogbo yín yóò máa lò àti iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀? Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ́ wọn ní ìwé owó pẹ̀lú bí ẹ ti ń kọ́ wọn ní ọ̀dà pípò, kí wọ́n tó gba òmìnira. Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀ tí ẹ wà lẹ́yìn odi pẹ̀lú, ọwọ́ yín ni àtúnṣe yìí ti lè tètè bẹ̀rẹ̀: ẹ san owó èrò fún àwọn àbúrò yín, kí wọ́n má baà wá a lára rísíìtì, nígbà tí ẹ bá sì pè sílé lọ́dún yìí nítorí ilé yín, ẹ béèrè fún ìwé àdéhùn kí ẹ tó béèrè fún nọ́ńbà àkáǹtì.